Kí ẹ tó gbé ọmọ ajá fún ẹni tó wá tọrọ rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ẹ ní abẹ́ ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ní ọgbà mẹkáníìkì kan n'Ìbàdàn lẹ ti rí ìyá ajá náà pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, akọ méjì, abo méjì, ẹ sì ti kó wọn wálé. Àwọn ọmọ ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọ̀gá kan fẹ́ kó akọ méjèèjì lọ máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí, ìyá kan fẹ́ ọ̀kan fún àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ wá ń bèèrè bí ẹ ṣe máa mọ ilé tó yẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ajá ìgboro wá ilé, ohun tí mo sì máa kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹ má tíì gbé ìkankan fún ẹnikẹ́ni. Ìkánjú ẹni tó ń fún ni ní ajá ló ń dá ọ̀pọ̀ ajá padà sí ìgboro, kì í ṣe ìwà ajá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kéré jù. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí dé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni ọmọ ajá ń mọ ohun tó yẹ kó bà á lẹ́rù àti ohun tí kò yẹ kó kà sí. Lára ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi eyín ṣeré: tó bá ti gé èkejì jẹ jù, èkejì á han, eré á sì parí. Èyí tí wọ́n já gbà lọ́mú ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún kò ní mọ ìyẹn. Ọwọ́ ọmọdé ló máa fi kọ́ ọ nílé tuntun, wọ́n á ní ajá burúkú ni.

Nítorí náà, ẹ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù yìí dáadáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà àti ìró odó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ọkùnrin tó dé fìlà, ẹni tó gbé ẹrù sórí, ọmọ tó ń sáré. Lójoojúmọ́, ẹ di ẹsẹ̀ wọn mú díẹ̀, ẹ wo inú etí wọn, ẹ la ẹnu wọn wò, kí ẹ sì fún wọn ní ẹja bíńtín lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: èyí tó kọ́kọ́ ń sáré tọ àlejò, èyí tó ń sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, èyí tó ń fi oúnjẹ jà. Ohun tí ẹ kọ yẹn lẹ máa fi yan ilé.

Ní ti ìlera, oògùn aràn ló yẹ ní ọ̀sẹ̀ 2, 4, 6 àti 8, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí wọn á fi pé oṣù 6. Tí wọn ò bá tíì lo ìkankan, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí ẹ sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fún un, torí bí ara ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n oògùn. Àjẹsára parvo àti distemper, àrùn méjì tó máa ń pa ọmọ ajá, bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra títí dé ọ̀sẹ̀ 16. Àwọn kan rò pé dókítà fẹ́ gba owó ni. Rárá o. Ohun ààbò tí ọmọ mu nínú wàrà ìyá rẹ̀ lè sọ àjẹsára di asán, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí yóò tán lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un gún. Ti dìgbòlugi di ọ̀sẹ̀ 12, òmíràn lẹ́yìn ọdún kan. Ìyá wọn ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró, kí ó gba ti dìgbòlugi lọ́sẹ̀ yìí.

Ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni àjẹsára gbọ́dọ̀ máa wà. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ó lè ti bàjẹ́ kó tó wọ ara ajá. Ẹ bi dókítà ẹranko ohun tó ń gbé fíríjì rẹ̀ tí NEPA bá mú iná lọ, ẹni tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn. Ìwé pélébé kan máa ń wà lára ìgò abẹ́rẹ́ náà, tó ní nọ́ńbà àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán. Kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì ajá. Káàdì tí wọ́n kàn fi báírò kọ ọjọ́ sí, mi ò gbára lé e.

Eégbọn àti kúrúnà ni wọ́n máa fi dán yín wò jù. Ẹnìkan á ní kí ẹ da ota-piapia sí wọn lára. Ẹ má ṣe é láé. Ajá tí wọ́n da ìyẹn sí lára á máa da itọ́, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, èémí rẹ̀ á há, ó sì lè kú. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò pa kúrúnà: ó ń jó awọ, ajá á sì lá a sínú. Ẹ̀kẹta ni ivermectin, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa aràn àti kòkòrò ara màlúù. Ìyẹn wúlò lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ wo ìṣirò rẹ̀: mílíìlítà kan ní mg 10. Tí dókítà bá ní kí ajá gba mg 0.2 fún kílò kan, ọmọ ajá oníkílò mẹ́ta kò gbọdọ̀ gbà ju mílíìlítà 0.06 lọ. Ẹni tó bá fa mílíìlítà kan sínú sìríńjì ti fún un ní ìlọ́po mẹ́rìndínlógún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú àpọ̀jù bẹ́ẹ̀ lè fọ́ ajá lójú, ó sì lè pa á.

Ẹ gbé ètè ìyá wọn sókè, ẹ wo èrìgì rẹ̀. Tó bá funfun, tí kò sì fẹ́ jẹun, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà eégbọn. Tó bá jẹ́ ehrlichia, ọ̀kan lára àwọn ibà eégbọn yẹn, oògùn doxycycline ọjọ́ 28 ni wọ́n sábà máa ń kọ fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ara rẹ̀ á ti yá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dá oògùn dúró, àìsàn náà á wá padà. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: tí ẹ̀jẹ̀ bá ń kán tí kò dá, tí ẹran rúdurùdu bá yọ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kókó tí ajá ń kó nípa gígùn. Abẹ́rẹ́ vincristine ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, nǹkan bí mẹ́rin sí mẹ́fà, máa ń wò ó sàn. Kò yẹ kó kúrò lọ́wọ́ yín kí ìyẹn tó tán.

Ó wá ku ilé. Ìbéèrè tí èèyàn lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" dáhùn kò wúlò. Tí ẹ bá ní "Ṣé ẹ fẹ́ràn ajá?", ta ni yóò ní òun kò fẹ́ràn rẹ̀? Ẹ bi wọ́n báyìí: Ta ló máa wà nílé ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Ibo ni yóò sùn tí òjò bá ń rọ̀? Ta ni yóò máa se oúnjẹ rẹ̀? Tí ẹ bá lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésì, ọwọ́ ta ni yóò wà? Ajá tí ẹ ní kẹ́yìn dà? Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń tú àṣírí jù. Tí wọ́n bá ní ó bì, ó ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn, ó sì kú láàárín ọdún kan sí ìsinsìnyí, ẹ ka ilé yẹn sí ilé parvo. Àrùn náà ń pẹ́ nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Dettol kò ká a. Hypo tàbí Jik, ife kan sí ogún ife omi, lórí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyẹn lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Àmọ́ ilẹ̀ erùpẹ̀ kò ṣeé fọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ajá tó ti gba gbogbo àjẹsára rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbé lọ síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ilé àyálégbé, lándílọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni kó sọ ọ́ létí yín pé òun gbà, kí àwọn ará ilé yòókù sì mọ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ajá nínú ilé kan náà lè fún un ní májèlé jẹ. Ilé Mùsùlùmí tó ní ìta ni ajá yóò máa gbé kò burú, bí ilé ajá bá ti ní òrùlé, tí ẹnìkan sì wà tí yóò máa jókòó tì í.

Ẹ lọ wo ilé náà fúnra yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ má wá, tó ní dírẹ́bà òun ló máa wá gbé e, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì fi sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí gèètì, ẹ di ìkúùkù yín, ẹ tì í sábẹ́ rẹ̀. Tó bá kọjá, orí ọmọ ajá á kọjá, ara rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e, kí wọ́n kan pákó sí i kí ẹ tó gbé e wá. Ẹ wo bóyá kànga ní ìdérí, bóyá ọmọrí sọkawéè kò là. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fẹ́ so ó mọ́, ẹ kọ̀ ọ́, torí èéfín tó ń pa èèyàn nínú yàrá ń pa ajá tí kò lè sá fún un.

Ìyá tó fẹ́ ọ̀kan fún àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ ní kó kó wọn wá. Kí gbogbo wọn jókòó sílẹ̀, kí ọmọ ajá fúnra rẹ̀ wá bá wọn. Ẹ má wo ọmọdé, ìyá ni kí ẹ máa wò. Ọmọdé yóò fa ìrù, dandan ni. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìyá rẹ̀ á tètè di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó sì fi bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ pa á lára hàn án, tàbí bóyá á kàn máa rẹ́rìn-ín, kó máa ya fọ́tò. Èyí tó ń sáré tọ àlejò nínú àwọn ọmọ náà ni ti ilé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń sápamọ́.

Ọ̀gá onílé ìkẹ́rùsí ńkọ́? Ẹ má fún un ní akọ méjèèjì. Ọmọ ìyá méjì tó bá jọ dàgbà sójú kan lè fara mọ́ ara wọn ju èèyàn lọ, tí wọ́n bá sì ti gòkè àgbà, ìjà ẹlẹ́jẹ̀ lè bẹ́. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò lè ṣọ́ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ló ń jẹun, ta ni yóò bọ́ ọ níbẹ̀? Tí ọlọ́dẹ bá wà tó ń gbé inú ọgbà náà tọ̀sán tòru, tó sì fẹ́ ajá, ó lè gba àgbà ajá kan. Tó bá fẹnu kàn án pé òun á máa fún un ní ata kó lè rorò, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ má kọ "lọ́fẹ̀ẹ́" sínú ìkéde. Gbogbo wa la mọ̀ pé ajá ni ẹran Ògún, a sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á fún jíjẹ. Ajá ọ̀fẹ́ náà ni àwọn tó fẹ́ máa fi abo ṣòwò ọmọ ń wá. Ẹ gba iye owó abẹ́rẹ́, kí ẹ sì gba owó ìdúró lórí abo, tí ẹ máa dá padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ìwé hàn pé wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i: ọjọ́ 14 àkọ́kọ́ jẹ́ ìdánwò, tí kò bá sì bá wọn lára mu, ọ̀dọ̀ yín nìkan ni wọ́n á dá a padà sí. Tí wọ́n bá dá a padà, ẹ má bú wọn. Ẹni tí ẹ bá bú, ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ ló máa já èyí tó kàn sí.

Òwúrọ̀ Sátidé ni kí ẹ gbé e lọ, nínú kéèjì tàbí apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí, pẹ̀lú àkísà tí ìyá rẹ̀ ti sùn lé. Oúnjẹ tó ń jẹ lọ́dọ̀ yín ni kí wọ́n fún un fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tó máa fi tuntun là á díẹ̀díẹ̀. Ìrẹsì rírọ̀ pẹ̀lú ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀ dára. Kí àlùbọ́sà, ata àti egungun adìyẹ sísè má sí níbẹ̀. Ẹ pè wọ́n ní ọjọ́ kìíní, ìkẹta, ìkeje àti ìkẹrìnlá. Ọmọ ajá tí kò jẹun fún odidi ọjọ́ kan, dókítà ló kàn.

Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé tí ajá bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí wọ́n má pa ajá náà, kí wọ́n má sì jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bí oògùn. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń so ó mọ́lẹ̀ láti mọ̀ bóyá dìgbòlugi wà lára rẹ̀.

Ìyá wọn ni kò sẹ́ni tó bèèrè nínú gbogbo àwọn tó pè yín. Tí wàrà rẹ̀ bá ti gbẹ, kí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀, kí ojú abẹ náà jiná fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ má tú u sílẹ̀ nílé tuntun fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí àgbà ajá á fẹ́ sá padà síbi tó mọ̀. Ẹ so ó kí ẹ tó ṣí gèètì, kí ìka méjì wọ abẹ́ okùn ọrùn rẹ̀, kí ìka mẹ́ta má wọ̀ ọ́, kí nọ́ńbà fóònù sì wà lára okùn náà. Ẹ lóṣòó kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀, kí ojú rẹ̀ bá kámẹ́rà dọ́gba. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Abo ajá ìbílẹ̀, bí ọmọ ọdún mẹ́ta, kílò 14. Ó ti gba dìgbòlugi, kò lè bímọ mọ́. Kì í gbó láìnídìí. Ó ń bẹ̀rù ìgbálẹ̀ àti ọkùnrin tó bá ń pariwo. Ilé tí àgbàlagbà méjì wà, tí kò sí ọmọdé, ló máa bá a lára mu."