Èsì: Fífi kámẹ́rà díjítà ya fọ́tò bíi ti fíìmù

Ẹ béèrè bóyá ẹ lè fi kámẹ́rà díjítà yàwòrán bí ẹni tó ń lo fíìmù, láìra fíìmù kankan. Ó ṣeé ṣe dáadáa.

Ẹ gbé ISO (ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀) sí 400, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí fọ́tò 36, iye tí fíìmù kan sábà máa ń gbà, ó fi pé, torí ẹni tó ki fíìmù 35mm bọ kámẹ́rà kò lè yí tirẹ̀ padà láàárín. Ẹ fi white balance, ìyẹn ètò tó ń tún àwọ̀ ṣe ní ìbámu pẹ̀lú irú ìmọ́lẹ̀, sí ti oòrùn ọ̀sán. Bí gílóòbù inú ilé bá sọ àwòrán di pípọ́n rúsúrúsú, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì wo fọ́tò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Èyí ló nira jù! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣe ni àtàǹpàkò mi ń dá lọ síbi bọ́tìnnì ìwòran. Mo ní láti fi téèpù dúdú bo ẹ̀yìn kámẹ́rà.

Ibì kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ ti fara wé fíìmù o: ìmọ́lẹ̀. Fíìmù nẹ́gátíìfù máa ń gba àpọ̀jù ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, òkùnkùn ni kò fẹ́. Ti díjítà yàtọ̀. Tí sánmà bá ti funfun báláú pátápátá, fáìlì RAW tí kámẹ́rà kò tíì ṣàtúnṣe sí pàápàá kò lè dá a padà, àmọ́ ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣì ṣeé gbé sókè lórí kọ̀ǹpútà. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kó tó ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó wò wọ́n. Nínú 36 àkọ́kọ́ tèmi, mẹ́rin péré ló dára, ìka ara mi ló sì kún inú ọ̀kan.