Mítà kò gba nọ́ńbà iná tí mo rà: ṣé ọwọ́ mi ni àbí mítà?

Ìbéèrè: Ẹja dídì ni mo ń tà ní Sábó, Ìkòròdú. Ní ìparí ọdún 2023 ni mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa láti lọ tọ́jú ọmọ ọmọ mi. Nígbà tí mo padà dé, mo ra iná, wọ́n sì fi nọ́ńbà gbọọrọ mẹ́ta ránṣẹ́ sí fóònù mi. Èyí tó gbẹ̀yìn, tí iye owó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni mo tẹ̀ sí mítà lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣùgbọ́n kò gbà á. Ọmọ mi ní ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ṣé owó mi ti wọmi nìyẹn?

Ìdáhùn: Màmá, owó yín kò wọmi, ẹ̀bi náà kò sì sí lọ́wọ́ yín. Àwọn nọ́ńbà méjì tí ẹ fò kọjá nítorí pé kò sí iye owó lára wọn gan-an ni mítà ń retí. Ẹ tẹ̀ wọ́n bí wọ́n ṣe tò wọ́n: ẹ tẹ àkọ́kọ́, ẹ dúró kí mítà gbà á, ẹ tẹ ìkejì, kí ẹ tó wá tẹ ẹ̀kẹta tó gbé yúníìtì dání. Tókìn (nọ́ńbà iná tí ẹ rà) tí mítà kọ̀ kò tíì di lílò, nítorí náà yóò wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní tókìn àtijọ́ kan tí ẹ kò tíì tẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, torí pé kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ bí nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ yẹn bá ti wọlé.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Púpọ̀ nínú àwọn mítà wa kì í bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ rárá. Tókìn náà, tó jẹ́ ogún nọ́ńbà tó tẹ̀ léra wọn, ni lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n ń rí gbà, a sì fi kọ́kọ́rọ́ (nọ́ńbà àṣírí) tó jẹ́ ti mítà kọ̀ọ̀kan tì í, èyí ni kò fi ṣeé ṣe láti tẹ tókìn aládùúgbò sí mítà tiyín. Nínú lẹ́tà náà ni iye yúníìtì wà, àti ìṣẹ́jú tí a tà á, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993 ni ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, tí àwa náà ń lò, ti ń ka ìṣẹ́jú wọ̀nyí, àyè tí a sì fi sílẹ̀ fún kíkà náà kò lè gbà ju 16,777,216 lọ. Ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni àyè náà kún. Láti ọjọ́ náà, mítà tí a kò bá tíì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò lè ka tókìn tuntun mọ́. Nọ́ńbà méjì tí ẹ rí yẹn ló ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a sì ń tẹ̀ wọ́n. Àwọn ará ọjà tó kù ti tẹ tiwọn nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ ọmọ.

Ó yẹ kí nọ́ńbà náà gùn, nítorí pé bó bá kúrú, olè lè máa méfò títí yóò fi bá a mu. Ohun tí n kò rí ìdí rẹ̀ ni kí wọ́n kó ọgọ́ta nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ènìyàn láìkọ «ẹ kọ́kọ́ tẹ èyí» sí ẹ̀gbẹ́ èyíkéyìí. Kí wá ni ti mítà tí ojú rẹ̀ kò lè gba ogún nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan, tí ohun tí ẹ ti tẹ̀ fi ń sá lọ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, «reject», ni ó fi ń dá ẹni tó ṣi nọ́ńbà tẹ̀ lóhùn, òun náà ló sì fi ń dá ẹni tó tẹ tókìn ẹlòmíràn. Ó dùn mí pé àwa tí a ń gbé nítòsí Ẹ̀gbin, níbi tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ amúnáwá tó lè pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì sí, ṣì ń bá bọ́tìnnì jìjàkadì kí iná tó tàn.

Ẹ kọ nọ́ńbà náà sórí bébà ní mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀nà márùn-ún, kí ọmọ yín tó ń bá yín wí máa kà á sókè bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Bí mítà bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sinmi díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ń ti ara wọn pa fún ìgbà díẹ̀ bí a bá ń ṣì í tẹ̀ léraléra. Bí ó bá jẹ́ orí òpó ni mítà wà, tí ẹ̀rọ títẹ̀ kékeré sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ yẹ bátìrì inú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó tì pa, ó ti lè kú.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò sì gbà, ẹ ya fọ́tò ohun tó hàn lójú mítà àti nọ́ńbà mítà fúnra rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ iná kankan tú ìdérí rẹ̀, nítorí pé mítà mọ̀ bí a bá ṣí i, yóò gé iná, owó ìtanràn sì lè tẹ̀ lé e.