Ṣé Orúkọ Mi Ti Kúrò Nínú Ìwé Ìyè?

ÌBÉÈRÈ

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mo dàgbà sí. Ìbàdàn ni mo ń gbé báyìí, ìjọ ọkọ mi la jọ ń lọ. Lọ́dún tó kọjá, gìrì mú ọmọ mi ọkùnrin lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá ọkọ mi ní àfi ká gbé e lọ sọ́dọ̀ baba kan lábúlé wọn. Mo kọ́kọ́ kọ̀, àmọ́ nígbà tí ojú ọmọ yí sókè lẹ́ẹ̀kejì, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n pa àkùkọ, wọ́n rúbọ, mo sì jẹ nínú ẹran náà. Ara ọmọ ti yá. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí pásítọ̀ wa wàásù láti inú Hébérù orí kẹfà pé ẹni tó bá ti tọ́ ẹ̀bùn ọ̀run wò tó tún ṣubú, kò sí àtúnṣe fún un mọ́. Láti ọjọ́ náà mi ò jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n má dá ara mi láàmú, pé ẹni tó bá ti rí ìgbàlà ti rí i títí láé. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ṣé kí n tún ìrìbọmi ṣe ni? Mi ò rí oorun sùn dáadáa.

Ìyá Ọmọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mò ń lọ kí n tó ṣàlàyé: ọ̀nà kò dí mọ́ ẹ. Padà sídìí tábìlì Olúwa.

Pásítọ̀ yín kò parọ́. Ọ̀rọ̀ inú Hébérù yẹn le, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ẹ̀rọ̀. Àmọ́ ta ni wọ́n kọ ọ́ sí? Àwọn tó gba Jésù gbọ́ ni, tí ẹ̀gàn àti ìyà fẹ́ mú kí wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kẹ̀yìn sí Kristi, tó tún ń bá àwọn tó kàn án mọ́gi fi í ṣẹ̀sín, tí kò sì fẹ́ ẹ mọ́, ibo ni yóò tún gbà ronú pìwà dà? Ọ̀rọ̀ tìẹ kọ́ nìyẹn. Ìwọ ò rí oorun sùn nítorí pé o ṣì fẹ́ ẹ. Jọ̀ọ́, ṣí Bíbélì rẹ kó o kà á dé ẹsẹ kẹsàn-án, ibi tí ọ̀pọ̀ oníwàásù kì í dé. Lẹ́yìn gbogbo ìkìlọ̀ yẹn, òǹkọ̀wé náà pè wọ́n ní olùfẹ́, ó ní ohun tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ lòun gbà gbọ́ nípa wọn.

Ohun tó ṣe ẹ́ yìí ti ṣe àwọn kan rí. Ní ọdún 250, Decius, olú ọba Róòmù, pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà. Wọn á ta ohun mímu sílẹ̀, wọn á jẹ nínú ẹran ẹbọ lójú àwọn ìjòyè, wọn á sì gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn ìwé náà kò tíì parẹ́ tán. Èyí tó lé ní 40 ni wọ́n ti rí ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá ẹni ọdún 72 kan tó ní àpá lókè ojú ọ̀tún, ó sì wà níbẹ̀ ní kedere pé ó tọ́ ẹran ẹbọ náà wò.

Ní Carthage, ní ilẹ̀ Tùnísíà òde òní, ọ̀pọ̀ Kristẹni ló rúbọ nígbà náà. Àwọn mìíràn fowó ra ìwé náà láìrúbọ. Nígbà tí inúnibíni rọlẹ̀, wọ́n padà wá tẹkúntẹkún. Novatian, àlùfáà kan ní Róòmù, ní ìjọ kò gbọdọ̀ gbà wọ́n mọ́. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, kò gbà fún un. Ní 251, òun àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀ pinnu pé ẹni tó bá ronú pìwà dà lè padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó fọwọ́ ara wọn rúbọ á dúró pẹ́. Nígbà tó tún dà bíi pé inúnibíni mìíràn ń bọ̀, wọ́n ní kí gbogbo àwọn tó ń ronú pìwà dà máa bọ̀ nídìí tábìlì, kí wọ́n lè lágbára láti dúró. Cyprian kì í ṣe ẹni tó fojú kékeré wo ẹbọ o: wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní 258 torí pé ó kọ̀, kò rú u. Oúnjẹ tó fún àwọn tó ṣubú kí wọ́n má bàa tún ṣubú ni ìwọ fi ń du ara rẹ.

Ó wá kan ẹ̀gbọ́n rẹ. Mẹ́tọ́díìsì ni èmi, a kì í sọ ohun tó sọ yẹn. Àríyànjiyàn lórí bóyá ẹni tó ti rí ìgbàlà lè sọ ọ́ nù ti pẹ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn Arminius, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn kan ní ilẹ̀ Holland, kọ èrò tiwọn sílẹ̀ ní 1610. Ìgbìmọ̀ ìjọ tó jókòó ní Dordrecht, níbẹ̀ náà, láti 1618 sí 1619 kọ̀ ọ́, wọ́n ní onígbàgbọ́ tòótọ́ kò ní ṣubú pátápátá. Nígbà tí Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì tiwa, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, tí Bowen ti Onítẹ̀bọmi dé tẹ̀ lé e ní 1850, kálukú gbé tiẹ̀ wá.

Èmi gbà pé ènìyàn lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Démà bá Pọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́, ó sì fi í sílẹ̀ torí ó fẹ́ràn ayé yìí. Àmọ́ ìgbàlà kì í ṣe owó tí a dì sétí ìró, tó lè já bọ́ lọ́jà láìmọ̀. Jésù ní kò sẹ́ni tó lè já àwọn àgùntàn òun gbà kúrò lọ́wọ́ òun. Ìyá ọkọ rẹ kò lè já ẹ gbà.

Bi àwọn ará Dordrecht, wọ́n á ní onígbàgbọ́ lè ṣubú burúkú bíi Dáfídì àti Pétérù, kó má tiẹ̀ mọ ojúure Ọlọ́run lára fúngbà díẹ̀, títí á fi ronú pìwà dà. Bi John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì tiwa sílẹ̀, á ní òun ti rí ọ̀pọ̀ tó ṣubú jìnnà tí wọ́n sì padà. Wọ́n ń bá ara wọn jà láti bí 400 ọdún, àmọ́ wọn ò jà lórí irú ọ̀rọ̀ tìẹ.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti kù díẹ̀ káàtó ni pé "má dá ara ẹ láàmú" kò tó. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹbọ yẹn. Pè é bẹ́ẹ̀ níwájú Ọlọ́run, má fi àìsàn ọmọ bò ó mọ́lẹ̀.

Èmi ni mo máa ń fọ àwọn ife kéékèèké lẹ́yìn ìsìn Oúnjẹ Alẹ́ ní ìjọ wa. Mo mọ àwọn obìnrin tó máa ń gbé báàgì ní kété tí wọ́n bá ká aṣọ funfun kúrò lórí tábìlì, bí ẹni tó fẹ́ lọ wo ọmọ níta. Ẹ̀rí ọkàn wọn ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ń bá arábìnrin rẹ̀ yodì láti ọdún mẹ́wàá, tó ń nawọ́ gba ife láìmira, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Sọ̀rọ̀ yìí fún ọkọ rẹ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá pásítọ̀ yín ní ọjọ́ tí kò sí ìsìn, kó o sọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́ fún mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó o san owó ìtúsílẹ̀, dìde kúrò níbẹ̀. Kò sí owó nínú Jòhánù Kìíní 1:9. Ìrìbọmi ńkọ́? Rárá. Cyprian kò tún un ṣe fún àwọn tó padà wá wọ̀nyẹn, ọwọ́ ni wọ́n gbé lé wọn lórí.

Má bá ìyá ọkọ rẹ jà. Ẹ̀rù bà á bó ṣe bà ẹ́. Àmọ́ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ pé o ò tún ní lọ. Gìrì ọmọdé, ibà ló sábà máa ń fà á. Bí ara rẹ̀ bá tún gbóná, tètè gbé e lọ sí ọsibítù, ì báà jẹ́ lóru, kó o sì máa gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà.