Wo gbòǹgbò rẹ̀ ná kó o tó da nǹkan kan sí i

Àbúrò mi tó ń kọ̀wé láti Ìtàmágà, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní àlùbọ́sà eléwé àti pak choi, ẹ̀fọ́ àwọn ará Ṣáínà yẹn, tó o gbìn sínú ike ọ̀dà ti ń di yẹ́lò. Pé pak choi a máa rọ lọ́sàn-án, tó bá di ìrọ̀lẹ́ a tún gbérí. O wá ń béèrè bóyá fẹ́tílásà ni kó o dà sí i ni àbí oògùn kòkòrò, torí o fẹ́ máa rí nǹkan tútù já sínú núdù àti ìrẹsì dídín rẹ.

Má tíì da nǹkan kan sí i o. Dídà ni mo fi pa tèmi.

Ìgbógbó ni mo ń gbé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ike mẹ́rìnlélógún ni mo tò sẹ́yìn ilé, owó àjọ mi ni mo kó lé e. Ọkùnrin kan ló fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kó iyẹ̀pẹ̀ wá. Ó búra pé ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá ni, pé ọdọọdún ni wọ́n ń gbin ewédú àti ilá síbẹ̀. Èmi sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ewédú àti ilá tó sọ yẹn gan-an ló yẹ kó lé mi sá.

Tòmátì, ata ṣọ̀ńbọ̀, pak choi, gbogbo wọn ló kọ́kọ́ dáa. Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, tí aago kan ọ̀sán bá ti lù, wọ́n á dorí kodò bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Tó bá di aago mẹ́fà, wọ́n ti nàró. Ìyẹn ló tàn mí jẹ. Mo ní òùngbẹ ni, mo ń bomi rin wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, omi kànga ń lọ sílẹ̀, bàbá àwọn ọmọ ń kùn. Mo bá ránṣẹ́ sí ọ̀gbẹ́ni kan lára àwọn tí wọ́n ń sanwó fún pé kí wọ́n máa la àgbẹ̀ lọ́yẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń pè é. Nígbà tó máa wá, bàtà funfun ló wọ̀ wá. Ó dúró sórí kọnkéré, ó já ewé kan, ó ní, "Màdáàmù, oúnjẹ inú ilẹ̀ ló kéré," ó ní kí n ra fẹ́tílásà NPK 15-15-15, ó gba owó ọkọ̀, ó lọ. Kò bẹ̀rẹ̀. Àní ọkùnrin yìí kò bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ẹyọ kan ṣoṣo!

Mo dà á. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, etí ewé ti jó bí èyí tí iná rà. Inú bí mi, mo fa tòmátì kan tu tipátipá, mo fẹ́ jù ú nù, ni mo bá rí ìdí rẹ̀. Mo gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo ṣàn án. Gbòǹgbò tó yẹ kó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ti wú ní kókó kókó, ó le, ó rí jágbajàgba bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ọmọdé sín. Mo fi èékánná ha kókó kan, kò ṣí kúrò. Gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú bẹ́ẹ̀. Mo sọ èyí torí pé tó o bá fa ẹ̀wà tu, wàá rí kókó lára gbòǹgbò tiẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìyẹn a máa já bọ́ tó o bá fọwọ́ rà á, ire ló sì ń ṣe fún ẹ̀wà. Má lọ fa ẹ̀wà ẹlẹ́wà tu nítorí tèmi.

Aràn tíntìntín kan tí ojú lásán ò lè rí ló ń fà á. Nematode ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú gbòǹgbò ló ń gbé, kò jẹ́ kí omi gòkè dáadáa, ìdí nìyẹn tí ewé fi ń rọ nígbà tí oòrùn bá mú. Ewédú àti ilá wà lára ohun tó fẹ́ràn jù. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbìn wọ́n léraléra, ilé ìdáná rẹ̀ ni! Fẹ́tílásà ò kàn án rárá. Nígbà tí mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹlẹ́bàtà funfun, èsì tó fún mi ni pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, mo fura sí i." O fura, o ò sì sọ?

Mo hú gbogbo rẹ̀, mo sun ún. Kò sí oògùn tí èèyàn máa dà sínú ike lẹ́yìnkùlé tó máa pa á tán. Oòrùn ni mo fi bá a jà: nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, mo da iyẹ̀pẹ̀ náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, mo bomi rin ín, mo fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, mo fi bíríkì tẹ etí rẹ̀ yíká, ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó dín kù gan-an, mi ò ní pé ó tán. Tó o bá máa ra iyẹ̀pẹ̀ míì, béèrè ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀ gbẹ̀yìn.

Tí gbòǹgbò tòmátì tàbí ata bá mọ́, tí ò ní kókó, àmọ́ tí ewé rẹ̀ ń rọ, gé igi rẹ̀, ki í bọ inú ife omi tó mọ́. Tó o bá rí nǹkan funfun tó ń ṣàn jáde bí okùn omi ògì, àìsàn míì nìyẹn, kò gbóògùn, hú u.

Ìgbẹ́ adìẹ tútù náà ń jó gbòǹgbò o. Kó ìgbẹ́ náà jọ, máa yí i, títí òórùn rẹ̀ á fi lọ.

Ẹ̀n-ẹ́n, oògùn kòkòrò. Jọ̀ọ́, má ṣe gbé ọta-pía-pía súnmọ́ ohun tó o máa jẹ. Ní 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta dichlorvos, oògùn apakòkòrò tí wọ́n sábà ń fi ṣe é, nínú ìgò kéékèèké mọ́, síbẹ̀ ẹnì kan l'ọ́jà Sábó fẹ́ tà á fún mi pé kí n fi wọ́n ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ tí mo máa já lọ́túnla!

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé pak choi kò fẹ́ràn ooru wa yìí, kíá ló ń yọ òdòdó. Mo ti dáná rí fún àwọn ará Ṣáínà kan tó ń ṣiṣẹ́ l'Ódógúnyán, tẹ̀tẹ̀ wa yìí ni wọ́n ń ní kí n rà. Wọ́n ń jẹ ẹ́ nílé wọn. Àwọn ará Filipíìnì náà ń jẹ ewédú, saluyot ni wọ́n ń pè é. Gbé páànù irin kaná títí tó fi máa rú èéfín, da òróró ẹ̀pà, aáyù àti atalẹ̀ tó o gé wẹ́wẹ́ sí i, igi tẹ̀tẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọlé, ewé tẹ̀lé e, da sóyà sọ́ọ̀sì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ inú páànù kó hó ṣàà, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìyá mi ní ẹ̀fọ́ tútù ni mo bù fún òun, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán. Ìrẹsì àná ni kó o fi dín ìrẹsì o, tòní á lẹ̀ mọ́ra.

Ṣé o sọ̀rọ̀ àlùbọ́sà eléwé? Aràn yìí kì í sábà dààmú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Yí ike náà dẹ̀gbẹ́ kó o wò ó bóyá ihò tí omi á máa gbà jáde wà nísàlẹ̀. Pak choi ní tiẹ̀, fa ẹyọ kan tu lálẹ́ òní, ṣàn án, kó o ya fọ́tò gbòǹgbò rẹ̀ síbí. Ewé ò lè sọ nǹkan kan fún mi.