Kí ló dé tí gbígba àyè sílẹ̀ fún fáìlì fi ń pẹ́ lórí NFS?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ètò tí mò ń lò lórí Linux máa ń kọ́kọ́ gba àyè 10 GiB sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lórí dísíìkì inú kọ̀ǹpútà, wéré ló ń parí. Lórí fódà NFS (fódà tó wà lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà mìíràn, tí a ń lò láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), ó ń pẹ́ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ fallocate kàn ń sọ pé “Operation not supported”. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ tẹ nfsstat -m kí ẹ wo vers, ìyẹn ẹ̀yà NFS tí ẹ ń lò. Tó bá jẹ́ 3, 4.0 tàbí 4.1, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà yín lè fi sọ fún sáfà pé kó bá a di àyè mú. NFS 4.2 (RFC 7862, ọdún 2016) ló mú ALLOCATE wá, àṣẹ tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún sáfà.

fallocate sọ òótọ́, ó sì dákẹ́. Ètò yín ní tirẹ̀ ń pe posix_fallocate, glibc (àkójọ iṣẹ́ tí àwọn ètò orí Linux ń pè) kì í sì í gba “kò ṣeé ṣe” fún ìyẹn. Ṣe ló máa ń kọ báìtì òdo kan sínú báìtì 4096 kọ̀ọ̀kan títí fáìlì á fi tán. Nínú 10 GiB, ìgbà 2,621,440 nìyẹn, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà dé sáfà. Ẹ má dán an wò lórí fáìlì tí kọ̀ǹpútà mìíràn ń kọ nǹkan sí lọ́wọ́ o: òdo yẹn lè bo ohun tí onítọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ mọ́lẹ̀.

Ẹ fi umount tú fódà náà, kí ẹ tún un so pẹ̀lú mount -o vers=4.2, remount kì í yí vers padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe fallocate -l 1G danwo, kí ẹ sì fi stat wò ó. Blocks tó bá tó 2097152 (512 báìtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan) fi hàn pé àyè wà nílẹ̀ lóòótọ́. Tí sáfà bá kọ̀ síbẹ̀, ẹ pa gbígba àyè sílẹ̀ nínú ètò náà; bí àpẹẹrẹ, ti aria2, ètò tí a fi ń gba fáìlì wálẹ̀, ni --file-allocation=none.

Ẹ má fi truncate, tó kàn ń yí ìwọ̀n tí fáìlì ń fi hàn padà, rọ́pò rẹ̀. ls -l á pe fáìlì ní 10 GiB, Blocks á sì jẹ́ 0. Ọjọ́ tí dísíìkì sáfà bá kún, àṣìṣe náà lè má yọjú níbi write, nítorí kọ̀ǹpútà yín ń kó ohun tí ẹ kọ jọ ná. Fsync (tó ń ní kí gbogbo rẹ̀ dé sáfà) tàbí close (tó ń ti fáìlì) ló máa gbé e jáde. Ètò tí kì í wo èsì close á rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ó tún ku ti sáfà tó ń lo ZFS (ọ̀nà kan tí a fi ń to fáìlì sórí dísíìkì) tó sì ń fún dátà pọ̀: òdo tí ẹ bá kọ síbẹ̀, ì báà jẹ́ pẹ̀lú dd, kò di àyè kankan mú.