Ìyá àti ọmọ nínú subscription kan: ibi tí ìlà `orders` yín ti di méjì-méjì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ yín sọ, kí ó lè dá mi lójú pé mo gbọ́ ọ yé. Tábìlì `orders` (ìyá) wà lórí PostgreSQL 14, ètò ìtọ́jú dátà, ẹ pín in sí partition lóṣooṣù (àwọn ọmọ), kò ní primary key (kọ́lọ́ọ̀mù tó ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀, tí kò sì gbọ́dọ̀ tún ara rẹ̀ ṣe), REPLICA IDENTITY FULL lẹ fi sí i, ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó wà nínú ìlà ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Publication méjì (àkójọ tábìlì tí sáfà ń pín dátà wọn) ló wà lórí sáfà orísun, subscription kan ṣoṣo (ohun tó ń gba dátà náà) lórí sáfà report ló ń gba méjèèjì. Ẹ ka ìlà lọ́hùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tó wà lórísun, log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí sáfà) ò sì sọ nǹkan kan. Ẹnìkan wá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ pa subscription náà rẹ́, kí ẹ tún un dá. Ẹ fọwọ́ mú un ná. Bí publication bá ṣì wà bó ṣe wà, ẹ̀ẹ̀kejì á rí bí ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́.

Ìbéèrè kan ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ìdáhùn sí: ìlà wo gan-an ló di méjì? Ṣé èyí tó ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó dá subscription sílẹ̀ ni, àbí èyí tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ náà wà níbẹ̀? Mo bá irú wàhálà yìí pàdé ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń ṣírò owó ló kọ́kọ́ figbe ta: owó àwọn oṣù tó ti kọjá ti di ìlọ́po méjì, ti ọ̀sẹ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ sì pé pérépéré. A wá àléébù náà nínú SQL, nínú JOIN, títí dé inú ètò tó ń ya àwòrán report. Kò sí níbẹ̀. Pé ti àtijọ́ di méjì tí ti tuntun kò di méjì, àmì tó yẹ kó gbé wa lọ tààrà síbi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn.

Ìpele méjì ni replication yìí, ìyẹn kíkó dátà láti sáfà kan sí òmíràn, ní. Àkọ́kọ́, sáfà tó ń gbà á béèrè lọ́wọ́ orísun pé, àwọn tábìlì wo ló wà nínú publication wọ̀nyí? Tábìlì kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú àkójọ náà ló máa yan òṣìṣẹ́ fún, èyí tí wọ́n ń pè ní tablesync, á sì fi COPY kó gbogbo ìlà inú rẹ̀ wá. Ìpele kejì ni àwọn àyípadà tó bá ń wọlé lẹ́yìn ìyẹn.

Ní ìpele àkọ́kọ́ ni nǹkan ti bàjẹ́ fún yín. Bí publication kan bá ní tábìlì ìyá, tí `publish_via_partition_root` (via root, tó ń jẹ́ kí dátà ọmọ máa jáde lórúkọ ìyá) sì jẹ́ true, orúkọ `orders` ló máa jáde nínú àkójọ. Bí publication kejì bá to àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, `orders_2024_01`, `orders_2024_02` àti ẹgbẹ́ wọn náà máa jáde. Sáfà tó ń gbà ò mọ̀ pé ìlà kan náà ni wọ́n. Á kó ìyá, ìyá á sì kó gbogbo ọmọ rẹ̀ dání. Lẹ́yìn náà á tún kó ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ìpele kejì ò ní ìṣòro yìí. Tí subscription kan bá gba publication méjèèjì, tí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti via root, orúkọ ìyá nìkan ni orísun fi ń rán àyípadà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń rán an. Ìdí nìyẹn tí ìlà tuntun fi ń pé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń débi yìí kò ṣẹ̀yìn ìtàn. PostgreSQL 10, tó jáde ní 2017, ló gbé logical replication àti partition tuntun dé pọ̀, ṣùgbọ́n kò gbà kéèyàn fi tábìlì ìyá sínú publication. Ọmọ nìkan ló ṣeé fi sí i. Àwọn èèyàn bá kọ script tó ń fi partition oṣù tuntun kún un lóṣooṣù. Nígbà tí PostgreSQL 13 dé ní 2020, ó gba ìyá láàyè, ó sì gbé `publish_via_partition_root` wá. Ẹlòmíràn á dá publication tuntun sílẹ̀ fún ìyá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pa script àtijọ́ yẹn. Èyí tí a bá pàdé ṣì wà nínú cron (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àsìkò tí a dá fún un), ẹni tó kọ ọ́ ti kúrò níbi iṣẹ́ tipẹ́. Ẹ lọ wo cron tiyín náà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe èyí lórí sáfà orísun:

`SELECT pubname, tablename FROM pg_publication_tables ORDER BY 2, 1;`

`SELECT relid, parentrelid FROM pg_partition_tree('orders');`

Ẹ fi èsì méjèèjì wéra. Bí orúkọ ìyá àti ti ọmọ rẹ̀ bá jọ hàn láàárín àwọn publication tí subscription yín ń gbà, ẹ ti rí i. Ẹ wá ṣe èyí lórí sáfà report:

`SELECT srrelid::regclass, srsubstate FROM pg_subscription_rel;`

Lẹ́tà `r` túmọ̀ sí pé tábìlì yẹn ti parí ìkóniwọlé, `d` túmọ̀ sí pé ó ṣì ń kó o. Bí ìyá àti ọmọ bá jọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú `r`, a jẹ́ pé wọ́n ti kó ìlà kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí log ò fi sọ nǹkan kan. Primary key ni kò sí. Ká ní ó wà lórí sáfà tó ń gbà, òṣìṣẹ́ tó bá pẹ́ dé á kọlu "duplicate key value violates unique constraint", á kú, wọ́n á tún un gbé dìde, á tún kú. Ariwo yẹn dára ju ìdákẹ́jẹ́ tiyín lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ewu tirẹ̀: láti PostgreSQL 14, slot tí tablesync yẹn dá sílẹ̀ lórísun (àmì ibi tó kà dé) lè ṣẹ́ kù síbẹ̀, kó má sì jẹ́ kí orísun pa WAL (àkọsílẹ̀ àwọn àyípadà) rẹ́, àfi bí ẹ bá ti fi `max_slot_wal_keep_size` sí ààlà. Mo mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń sá fún primary key lórí tábìlì oní-partition. Ó di dandan kí kọ́lọ́ọ̀mù tí wọ́n fi pín in wà nínú rẹ̀, wọn ò lè fi `id` nìkan ṣe é, inú á bí wọn, wọ́n á yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ fi `(id, created_at)` ṣe é. Kò dá `id` dúró pé kó má tún ara rẹ̀ ṣe nínú oṣù mìíràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà tí wọ́n bá kó lẹ́ẹ̀mejì báyìí, kò ní gbà á wọlé.

Àtúnṣe wá ńkọ́? Ẹ lè rò pé kí ẹ kàn pa èyí tó lé rẹ́ pẹ̀lú `row_number()` (tó ń fún ìlà ní nọ́ńbà) àti `ctid` (ibi tí ìlà wà nínú tábìlì). Èmi ò fara mọ́ ọn. Àkọ́kọ́, `ctid` kan náà lè wà nínú partition méjì, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fi `tableoid` (tó ń sọ tábìlì tí ìlà wà) tì í, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ óò pa ìlà aláìṣẹ̀ rẹ́. Èyí tó burú jù ni pé láti ìgbà tí dátà ti di méjì, UPDATE tó bá ti orísun wá, ìlà kan péré nínú méjèèjì ló ń fọwọ́ kàn. Ìkejì á wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. DELETE náà bẹ́ẹ̀: ó pa ọ̀kan, ọ̀kan ṣẹ́ kù. A rí ọjà tí wọ́n ti fagi lé lórísun tó ṣì jókòó sórí sáfà report bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Irú ìyẹn ò ní ẹnìkejì mọ́, kò sí SQL tó ń wá ẹ̀dà tó máa rí i.

Nítorí náà, àtúnkó ni. Lórí orísun, ẹ yọ àwọn ọmọ kúrò nínú publication àtijọ́, tàbí kí ẹ pa publication náà rẹ́ bí kò bá sẹ́lòmíràn tó ń lò ó, kí ẹ sì dá script cron náà dúró. Ẹ tún ṣe `SELECT` ti `pg_publication_tables` yẹn, kí `orders` nìkan ló kù. Ìgbà yẹn ni ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín tó wúlò: ẹ pa subscription rẹ́, ẹ ṣe `TRUNCATE orders` lórí sáfà report, ẹ fi primary key sí i, kí ẹ tó tún subscription dá pẹ̀lú publication ti ìyá nìkan. Bí tábìlì bá tóbi, ẹ ṣe é lóru.

PostgreSQL 16, tó jáde ní 2023, ti ń yanjú èyí fúnra rẹ̀: bí ìyá bá ti wà nínú àwọn publication tí subscription kan ń gbà pẹ̀lú via root, kò ní ka ọmọ rẹ̀ mọ́ àkójọ. Ṣùgbọ́n sáfà méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà lórí 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì ràn yín lọ́wọ́ bó bá jẹ́ pé subscription méjì ni ẹ dá, ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún ọmọ, nítorí subscription kan ò mọ ohun tí ìkejì ń gbà. Tiyẹn gan-an le jù, torí pé ìlà tuntun pàápàá á máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun mìíràn kan tó máa ń mú èèyàn: ẹ ti ń gba dátà pẹ̀lú orúkọ ọmọ látilẹ̀, ẹ wá yí `publish_via_partition_root` sí true lójijì, ẹ sì ṣe `REFRESH PUBLICATION`, àṣẹ tó ń jẹ́ kí subscription tún àkójọ tábìlì kà. Lójú sáfà tó ń gbà, `orders` jẹ́ tábìlì tuntun tí kò rí rí, ó sì máa kó gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí `copy_data` jẹ́ true bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan. Bí ẹ bá fi í sí false, àwọn àyípadà tó wọlé láàárín ìgbà tí ẹ yí i padà àti ìgbà tí ẹ ṣe REFRESH lè ṣòfò, torí sáfà tó ń gbà ò tíì ka `orders` mọ́ tirẹ̀. Ẹ dá ètò tó ń kọ sínú tábìlì dúró, ẹ jẹ́ kí replication bá orísun dọ́gba, ẹ ṣe méjèèjì, kí ẹ tó tún ṣí i.

Bí publication yín kò bá sì rán DELETE, bóyá nítorí pé ẹ fẹ́ kí sáfà report tọ́jú gbogbo nǹkan, ẹ ṣọ́ra fún UPDATE tó ń gbé ìlà láti partition kan lọ sí òmíràn. DELETE àti INSERT ni PostgreSQL máa ń sọ ọ́ dà. INSERT á dé, DELETE ò ní dé, ìlà náà á sì wà nínú oṣù méjì.

Bí ẹ bá ṣe àtúnkó náà tán, ẹ má ka gbogbo ìlà lápapọ̀ nìkan. Ẹ kà á ní partition kọ̀ọ̀kan lórí sáfà méjèèjì, `SELECT tableoid::regclass, count(*) FROM orders GROUP BY 1`, kí oṣù tó ń lọ lọ́wọ́ má bàa da yín láàmú nígbà tí ti àwọn tó kù bá ti dọ́gba. Tí `orders` bá ṣì wà ní `d` títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ fi ohun tí log sáfà report sọ ránṣẹ́ síbí.