Ṣé ó yẹ ká máa ta tíkẹ́ẹ̀tì "má tò" níbi ìgbafẹ́ ọmọdé?

Ìbéèrè: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Kàbà ni mo ti ń kọ̀wé. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ dá ibi ìgbafẹ́ ọmọdé kan sílẹ̀ níbí. A ní ọkọ̀ ojú irin kékeré kan, jangirọ́fà, ẹṣin onírin tó ń yípo, àti bouncing castle méjì. ₦1,000 ni ọmọ kan fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Nígbà Kérésì tó kọjá, tí àwọn ará ilé dé láti Àbújá àti Èkó, ìlà gùn débi pé àwọn ìyá ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àbúrò mi ti dé Florida rí. Ó ní níbẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ tò máa ń sanwó lé e ni, pé kí àwa náà máa ta irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ní ₦2,000. Bàbá Ìbejì ní ìrẹ́jẹ ni. Èwo ni ká ṣe nínú méjèèjì? Ṣé òfin tilẹ̀ gbà á?
Ìyá Ìbejì, Kàbà

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, Ìyá Ìbejì. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Mo mọ ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gbà lówó ẹni kó tó dé Kàbà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń bá àwọn tó ni ibi ìgbafẹ́ ṣètò bí èrò á ṣe wọlé, tí wọ́n á gun ẹ̀rọ, tí wọ́n á sì jáde láìsí ìjà. Ìbéèrè yín kì í ṣe tuntun létí mi rárá, ìdáhùn mi kò sì lọ́ra: ẹ má tà á. Ọ̀nà ẹ̀rí ọkàn ni Bàbá Ìbejì gbà débẹ̀. Ọ̀nà ìṣirò lèmi fẹ́ gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ ojú irin yẹn. Ẹ kò sọ iye ọmọ tó ń gbà, àmọ́ ká ní 12 ni. Ká sì ní láti ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ bá ti jókòó, títí ọkọ̀ á fi yípo tán tí gbogbo wọn á fi sọ̀kalẹ̀, ìṣẹ́jú 6 ni. Á jẹ́ pé ọkọ̀ náà á lọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní wákàtí kan, á sì gbé ọmọ 120. Gbogbo ọjà tí ẹ ní láti tà ní wákàtí yẹn nìyí, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tó lè sọ ọ́ di 121. Bí ọmọ 120 bá tò, ẹni tó wà nídìí ìlà pátápátá á dúró fún wákàtí kan. Ẹ wá ta "má tò" fún ọmọ 40 láàárín wákàtí kan. Àyè 80 péré ló kù fún àwọn tó tò, ẹni tó wà nídìí ìlà sì ti di oníwákàtí kan àbọ̀. Bí ẹ bá tà á fún 60, wákàtí méjì gbáko ni ọmọ yẹn máa fi dúró nínú oòrùn ọyẹ́.

Ẹ ó rí ₦60,000 lé sí owó yín ní wákàtí kan o, mi ò sì ní pè é ní owó kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti wá. Ọkọ̀ yín kò gbé ọmọ kan lé ohun tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Àsìkò àwọn ọmọ tó wà lórí ìdúró lẹ bù tà fún ẹlòmíì, láìbi àwọn tó ni àsìkò náà.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì yìí máa ń fi ẹni tó ń tà á ṣe. Níbi tí ìlà bá ti kúrú, ta ló máa ra "má tò"? Bí ìlà bá ṣe ń gùn sí i ló ṣe ń tà. Ọjọ́ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nídìí ìlà gígùn, ẹ kò ní fẹ́ kó kúrú mọ́. Ọmọ iṣẹ́ kejì tí ẹ fẹ́ gbà kó lè máa bá wọn di bẹ́líìtì mọ́ àwọn ọmọ, ẹ ó sún un síwájú. Ọkọ̀ kejì tí ẹ ní lọ́kàn láti rà, ẹ ó ní kó ṣì dúró ná. Èèyàn rere lè wà nídìí okòwò, kí ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé sì máa tì í síbi tí kò rò. Ṣebí gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé epo nígbà ọ̀wọ́n epo. Ọkọ̀ á ti tò láti òru, àwọn oníjálíkéènì á gba ẹ̀yìn wọlé, wọ́n á ki owó bọ ọwọ́ ọmọ iṣẹ́, wọ́n á sì gbé epo lọ. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó ń rí irú owó bẹ́ẹ̀ tó máa gbàdúrà kí ìlà tán.

Ní ti Florida, àbúrò yín kò parọ́, àmọ́ ìtàn náà gùn ju ibi tó ti mú un lọ. Ọdún 1955 ni iléeṣẹ́ Disney ṣí ibi ìgbafẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Disneyland ní California. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé tí wọ́n kọ lẹ́tà sí. A ló kéré jù, fún ẹ̀rọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ pe èrò. Nígbà tó di 1959, wọ́n fi E kún un fún àwọn tí gbogbo ayé ń wọ́ lọ sídìí wọn, òun ló sì wọ́n jù. Lọ́dún 1982 wọ́n pa ètò yẹn tì: ẹni tó bá ti san owó ẹnu ọ̀nà lè gun ohunkóhun tó bá wù ú. Ó dùn mọ́ èèyàn nínú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dá èrò dúró mọ́ kí wọ́n má rọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ kan náà. Ní 1999, wọ́n mú FastPass wá. Ẹ̀rọ á já ìwé fún ẹ tí wọ́n kọ àsìkò sí, wàá lọ ṣe nǹkan mìíràn, wàá padà wá nígbà tó bá tó. Ọ̀fẹ́ ni. Lọ́dún 2021 wọ́n fagi lé e, wọ́n sì gbé onówó rọ́pò rẹ̀. $15 ló fi bẹ̀rẹ̀ níbi ìgbafẹ́ tí Disney ní ní Florida, fún ẹnì kan lọ́jọ́ kan, yàtọ̀ sí owó ìwọlé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n ti gbé oríṣi kan jáde tí wọ́n ń pè ní Lightning Lane Premier Pass. $400 ni wọ́n kọ́kọ́ pe iye rẹ̀ ní Disneyland fún ẹnì kan ṣoṣo. Ní Universal, ibi ìgbafẹ́ iléeṣẹ́ mìíràn ní Orlando ní Florida, wọ́n ń ta "má tò" tiwọn tó ń jẹ́ Express lọ́tọ̀, ẹni tó bá sì sùn sí díẹ̀ nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá wọn á rí i gbà mọ́ owó yàrá. Ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ogún ọdún ó lé ló di ọjà bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé ẹni tó ń tà á níbẹ̀ ṣẹ̀. Ibi tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó ní ẹ̀rọ lọ́pọ̀ yanturu, tí ẹni tí kò bá fẹ́ tò lè lọ wo eré tàbí kó lọ jẹun, ìyẹn ṣì ṣeé gbọ́, bí wọ́n bá ti sọ ọ́ kí èèyàn tó sanwó ìwọlé, tí wọ́n sì fi gbèdéke sí iye tí wọ́n ń tà. Àwọn èrò ibẹ̀ kò sì mọ ara wọn rí. Kàbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ dúró fún wákàtí méjì mọ ọmọ tó gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó mọ ilé bàbá ọmọ náà, ó sì mọ jíìpù tó gbé e wá. Ó ṣeé ṣe kí òun ló ń kọ́ àwọn ìbejì yín níléèwé, tàbí kó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ lẹ ti ń ra ata. Kí ni ọmọ rẹ̀ máa bi í kí wọ́n tó délé? Ẹ tún rò ó wò: àwọn tó ti Àbújá dé fún Kérésì á padà síbi iṣẹ́ wọn ní oṣù Kìíní. Àwọn tí ẹ dá dúró sídìí ìlà ló máa bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kẹta, nígbà tí ibẹ̀ bá dá wáí.

Owó tí àbúrò yín ń wá wà níbòmíràn, ibi tí mo sì fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wá a ni àárín ìsọ̀kalẹ̀ àti ìgòkè. Ẹ gbé fóònù dání lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, kí ẹ ka ìṣẹ́jú láti ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró títí dìgbà tó máa tún gbéra. Ẹ ó ríran. Ọmọ kan ń sunkún pé òun kò ní sọ̀ kalẹ̀. Ìyá kan ń wá ₦500 nínú báàgì. Nídìí bouncing castle, ọmọ mẹ́fà ló ń wá bàtà ẹsẹ̀ òsì nínú òkìtì bàtà kan ṣoṣo, àwọn tó kàn kò sì tíì bọ́ tiwọn. Gbogbo àsìkò yẹn, jẹnẹrétọ̀ ń jẹ epo. Ẹ fi okùn pààlà sí àyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ẹ gbé bẹ́ǹṣì gígùn sí i. Kí àwọn 12 tó kàn ti jókòó síbẹ̀ kí àwọn tó wà lórí ọkọ̀ tó yípo tán, kí wọ́n ti gba tíkẹ́ẹ̀tì wọn, kí wọ́n sì ti wo bí wọ́n ṣe ga tó. Nídìí bouncing castle, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní agbọ̀n kékeré tó ní nọ́ńbà fún bàtà rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 6 bá di 5, ọkọ̀ á lọ lẹ́ẹ̀méjìlá ní wákàtí kan, á sì gbé ọmọ 144. Ọmọ 24 tó lé yẹn, ₦24,000 ni, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ẹ gba àyè rẹ̀. Ẹ má fi ìkánjú kan bẹ́líìtì o, ẹ má sì gé yíyípo tí ọmọ sanwó fún kù. Àárín rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti fà á yọ.

Ẹ tún wo àwọn àyè tó ń ṣófo. Ọmọ mẹ́ta tó jọ wá kò ní fẹ́ kí wọ́n pín àwọn níyà, nítorí náà ọkọ̀ tó yẹ kó gbé 12 á gbéra pẹ̀lú 10. Kí ọmọ iṣẹ́ yín máa pe sórí ìlà pé, "Ta ló dá wá?" Ọmọ tó bá dá wá á bọ́ síwájú, á wọ àyè tó ṣófo náà ní owó kan náà. Yàtọ̀ sí ọmọ tí òfin fún ní ẹ̀tọ́, tí mo máa sọ nísàlẹ̀, òun nìkan ni mo lè fọwọ́ sí pé kó kọjá àwọn tó wà níwájú rẹ̀, torí kò sí ẹni tó máa lo àyè yẹn bí òun kò bá wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gé káádì pélébé, kí àwọ̀ rẹ̀ máa yàtọ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi bírò kọ àsìkò sí i. Ọmọ 60 ni ọkọ̀ yín ń gbé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fún 45 ní káádì, kí ẹ fi 15 sílẹ̀ fún àwọn tó bá wù láti tò. Kò gba nẹ́tíwọọ̀kì, kò gba iná. Ìyá tó bá gba káádì aago mẹ́rin á mú ọmọ rẹ̀ lọ ra púfù-púfù àti sóbò lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ ẹni tó wà lórí ìlà kì í tó ibi tí ọjà yín wà.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fowó lé e, ẹ fi lé e fún gbogbo ayé. Ọgbọ́n tó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì A dé E àtijọ́ yẹn nìyí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ Kérésì títí kan ọjọ́ kejì ọdún tuntun, ẹ lè gba ₦1,500 fún ọkọ̀ ojú irin tó ń pe èrò, kí ẹ sì já ẹṣin onírin wálẹ̀ sí ₦700 kí èrò lè pín síbẹ̀. Ní ọjọ́ lásán, ẹ dín in kù, kí ẹ sì pe àwọn iléèwé wá ní òwúrọ̀. Olówó ńkọ́? Á san owó kan náà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́kadà fún àyè kan náà ní wákàtí kan náà.

Tí àbúrò yín bá wá yarí pátápátá, ẹ má kọjá àyè kan ṣoṣo nínú 12 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá gbéra. Mẹ́wàá nìyẹn ní wákàtí kan, ẹni ìdí ìlà á sì fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún lé wákàtí rẹ̀. Tó bá ti tán, ó tán, ì báà jẹ́ ọmọ ọba ló dé.

Ẹ béèrè nípa òfin. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, ní kí ẹ kọ iye owó síta níbi tí oníbàárà á ti rí i, kí ẹ má sì gba ju ohun tí ẹ kọ lọ. Nítorí náà, ọmọ iṣẹ́ tó ń gba ₦500 lábẹ́lẹ̀ kó lè bá ẹnì kan ṣọ́ńtì ń kó yín sí wàhálà, ẹ tètè dá a lẹ́kun.

Òfin kejì tún wà, ti ọdún 2018 náà, tó ka yíya àwọn akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ó sọ ọ́ ní tààrà pé níbi tí èèyàn bá ti ń tò, àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, kódà kí wọ́n dá wọn lóhùn láìtò rárá bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹ kò gbọdọ̀ ta "má tò" fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń hàn sójú. Ọmọ mìíràn wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, tí ariwo àti ìdúró pípẹ́ sì máa ń dà á lọ́kàn rú títí á fi máa lu ara rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá sọ fún yín, ẹ gbà á gbọ́, ẹ má ní kó ṣàlàyé lójú èrò. Kí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà fàmì sí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kó fi ibi tí wọ́n máa gbà wọlé hàn wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bíi méjì bá a gun ọkọ̀ náà ní iye tí gbogbo èèyàn ń san.